Ẹ Yí Ẹ̀yìn Aṣọ Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi kóòdù kíkọ jẹun, yálà Yábàá lẹ wà tàbí Ìkejà, tàbí ẹ ti rékọjá sí London àti Houston, ẹ bun mi létí díẹ̀. Ọ̀kan nínú yín ló fa ọ̀rọ̀ yìí yọ lẹ́nu mi. Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ní Ìbẹ̀fún níbí. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó kí ìyàwó mi. Ẹran tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ kò tíì tutù tó fi yọ kọ̀ǹpútà nínú àpò. Ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo gbọ́dọ̀ sọ ìpinnu mi fún àwọn ọ̀gá mi, ọkàn mi ò sì balẹ̀.”

Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ni. Òun ni olórí àwọn mẹ́rìnlá tó ń tọ́jú sọ́fútíwíà kan tó ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì. Èdè Java ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án, àwọn tó sì kọ́kọ́ kọ ọ́ ti kó ẹrù wọn lọ sí Kánádà. Láti ìgbà tí òfin ààbò dátà ti di òfin ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ni àwọn agbẹjọ́rò ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti ń tẹnu mọ́ ọn pé nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí àkọsílẹ̀ afẹ̀yìntì kan, kí wọ́n lè rí orúkọ ẹni tó ṣí i, àkókò tó ṣí i, àti ohun tó wò níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú sọ́fútíwíà yẹn lé ní irínwó. Àwọn mẹ́ta nínú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní AspectJ ni kí wọ́n lò. Àwọn kan ní èyí tó wà nínú Spring ti tó. Ẹnì kan ní òun yóò fọwọ́ kọ ọ́ síbi gbogbo, kódà bó bá gba òun ní oṣù mẹ́ta.

Ó ní, “Bàbá, gbogbo wọn ló ní àlàyé tó yè kooro.”

Mo ní kó ṣí fáìlì kan fún mi, èyíkéyìí tó bá wù ú.

Iṣẹ́ kan ló ṣí, èyí tó ń ṣírò iye tí afẹ̀yìntì máa gbà lóṣù. Mo fi ìka kà á lójú kọ̀ǹpútà. Ìlà 46 ni. Nínú rẹ̀, ìlà mẹ́sàn-án péré ló ń ṣírò owó. Gbogbo ìyókù, àyẹ̀wò bóyá ẹni yìí láṣẹ láti wò ó ni, àkọsílẹ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni, mímú àṣìṣe ni, àkọsílẹ̀ pé àṣìṣe ṣẹlẹ̀ ni, àti àkọsílẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ó tún ṣí òmíràn, bákan náà ló rí, àfi pé ẹni tó kọ ti ibẹ̀ gbàgbé àyẹ̀wò àṣẹ. Ọmọ náà rí i nígbà tí mo rí i. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn mú ìwé, ó kọ orúkọ fáìlì náà sílẹ̀.

Ìyẹn ni àìsàn tí wọ́n ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí fún. Ẹni tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú yóò tètè mọ̀ ọ́n, nítorí a ní nǹkan tó jọ ọ́ nílé. Agbo ilé bàbá rẹ ni o ti wá, ibẹ̀ lo ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ọ wí. Ṣùgbọ́n régbérégbé rẹ kò sí nínú agbo ilé kan ṣoṣo. Àwọn tí wọ́n bí lásìkò kan náà ni, wọ́n fọ́n ká gbogbo agbo ilé. Bí Ojúde Ọba bá dé lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ọmọ bàbá kan náà lè wọ aṣọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí régbérégbé mẹ́ta ni wọ́n wà. Ẹ wá fojú inú wò ó, ká ní baálé ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò máa rántí aṣọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ̀ máa wọ̀. Ọ̀kan á gbàgbé, òmíràn á ra àwọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìpàdé régbérégbé ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí aṣọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì kan gbogbo agbo ilé.

Nínú sọ́fútíwíà ńlá, iṣẹ́ ìṣirò owó ní agbo ilé tirẹ̀. Iṣẹ́ fífi lẹ́tà ránṣẹ́ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀, àyẹ̀wò àṣẹ, àti rírí i pé owó tó jáde níbì kan wọlé níbòmíràn kí iṣẹ́ tó parí, ìwọ̀nyí kò ní agbo ilé. Ibi gbogbo ni wọ́n wà. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ojútùú kalẹ̀ fún un ni Gregor Kiczales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí John Lamping àti Cristina Lopes wà lára wọn, ní Xerox PARC ní Palo Alto, California. Ọdún 1997 ni wọ́n ka ìwé wọn níbi àpérò ECOOP ní Jyväskylä, lórílẹ̀-èdè Finland. Nígbà tó yá, wọ́n ya àwòrán kan tí n kò gbàgbé láti ìgbà tí mo ti rí i: sọ́fútíwíà Tomcat ni wọ́n mú, wọ́n ya fáìlì kọ̀ọ̀kan bí òpó, wọ́n wá fi àwọ̀ pupa kun ibi tí iṣẹ́ kan wà. Iṣẹ́ kíka XML wà nínú òpó kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n kun ibi tí iṣẹ́ àkọsílẹ̀ wà, pupa náà ta sára ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpó bí epo tó ta sí aṣọ funfun.

AspectJ ni irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde lọ́dún 2001, PARC sì fà á lé Eclipse lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2002. Ohun tó ń ṣe kò le. O kọ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ síbì kan, wọ́n ń pe ìyẹn ní advice. Ìmọ̀ràn ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí ẹni tí a fún kò lè kọ̀ ni. O wá ṣàpèjúwe gbogbo ibi tí o fẹ́ kó ti ṣiṣẹ́, wọ́n ń pe àpèjúwe náà ní pointcut. Irinṣẹ́ náà á mú méjèèjì, tí àpapọ̀ wọn ń jẹ́ aspect, á so wọ́n pọ̀ mọ́ kóòdù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pe síso pọ̀ náà ni híhun.

Ibi tí mo ti dá ọmọ náà dúró nìyẹn. Mo dìde, mo wọ yàrá, mo gbé ìtagbè ìyá bàbá mi jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ìtagbè ni aṣọ tí àwọn Òṣùgbó ń fi lé èjìká, ọ̀kan nínú aṣọ olónà tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ń hun lórí òfì òòró. Òwú kan na gbọnrangandan láti òkè dé ilẹ̀. Òwú kejì ń gba àárín rẹ̀ kọjá, apá ọ̀tún sí apá òsì. Àwọn méjì yìí ló di aṣọ. Òwú kẹta, tó máa ń ní àwọ̀ tó yàtọ̀, ni wọ́n ń fi kún un bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ọnà sí i, àwòrán ọ̀nì tàbí ọ̀pọ̀lọ́, tàbí ṣakí tó yọ gógó-gógó létí aṣọ. Òwú kẹta yẹn kò di aṣọ mú. Bí o bá fa gbogbo rẹ̀ yọ, aṣọ ṣì jẹ́ aṣọ. Ìyá bàbá mi kì í ra aṣọ olónà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì yí i padà. Ẹ̀yìn aṣọ ni ó ń wò. Níbẹ̀ ni o ti lè rí ibi tí òwú ọnà ti wọlé, ibi tó ti jáde, àti bóyá ẹni tó hun ún so ó tàbí ó kàn gé e.

Mo tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Mo sọ fún un pé, “Ọmọ mi, má bi mí pé irinṣẹ́ wo ló lágbára jù. Bi mí pé èwo ló máa jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ, tó dé lánàá, lè rí ẹ̀yìn aṣọ ní aago méjì òru tí nǹkan bá bàjẹ́.”

Ohun tí mo ní láti sọ fún yín kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ojú mi ló rí i kí n tó mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ní nǹkan bí ọdún 2008, mo wà lára àwọn tó ń tọ́jú sọ́fútíwíà báńkì kan ní Èkó. Èmi ni mo mú AspectJ wọ ibẹ̀, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kọ pointcut kan tó ní kí wọ́n kọ àkọsílẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ bá fi save bẹ̀rẹ̀. Ogójì iṣẹ́ ló bọ́ sínú rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni a kọ, ogójì ibi ló gbọ́. Inú wa dùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ọmọkùnrin kan dé, ó mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó rí i pé orúkọ iṣẹ́ kan kò bá ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mu, ó yí saveAccount padà sí storeAccount. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kóòdù náà gbà, gbogbo ìdánwò kọjá, a gbé e jáde lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdè. Láti ọjọ́ yẹn, ìyípadà sí àkáǹtì àwọn oníbàárà kò ní àkọsílẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló fi rí bẹ́ẹ̀. Ayẹ̀wéwò tó wá láti òde ló béèrè ìwé ọjọ́ kan, a sì wá ìwé náà títí, kò sí.

Mo jókòó ti ọmọkùnrin náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń sunkún. Fáìlì rẹ̀ ni mo ṣí, mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kódà ẹyọ kan, tó lè sọ fún un pé orúkọ yẹn ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. AspectJ máa ń kìlọ̀ bí advice kan kò bá bá ibì kankan pàdé, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tiwa ṣì ń bá mọ́kàndínlógójì pàdé. Irinṣẹ́ náà kò mọ̀ pé ogójì ni a fẹ́, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọkùnrin yẹn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá wa, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí.

Níbòmíràn, lẹ́yìn ìyẹn, mo bá aspect kan tí wọ́n ti kọ kí n tó dé. Ó ń kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, láì yọ ọ̀kan sẹ́yìn. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé oore ló ń ṣe. Mo ṣí fáìlì àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan, mo rí BVN àwọn ènìyàn níbẹ̀, nọ́ńbà mọ́kànlá-mọ́kànlá, ó tò bí àgbàdo lórí igi, àti PIN wọn pẹ̀lú. Ohun tí o bá hun sí ibi gbogbo, àṣìṣe inú rẹ̀ náà á dé ibi gbogbo. Ẹ rántí ìyẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí aspect kan tó ń sọ pé òun máa kọ “ohun gbogbo.”

Ọmọ náà wá béèrè nípa Spring. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín Spring lẹ ń lò, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ọ̀dọ́ tó ń fi orí gbá ògiri.

Spring kì í hun aṣọ bí AspectJ ṣe ń hun ún. Láti Spring 2.0, tó jáde lọ́dún 2006, ó lè ka pointcut tí a kọ ní ọ̀nà AspectJ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dà bí ìbejì lójú ẹni tí kò wò wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ẹnì kan sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá wá láti ìta, ẹ̀ṣọ́ náà á dá a dúró, á kọ orúkọ rẹ̀, á jẹ́ kó wọlé. Ó dára, ó sì rọrùn láti rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú ilé, tó kàn ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì, kò kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Bí iṣẹ́ kan nínú class kan bá pe iṣẹ́ mìíràn nínú class kan náà, ẹ̀ṣọ́ kò rí i. O lè kọ @Transactional sórí iṣẹ́ kejì yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà, kò ní ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí a bá sì pè ní private tàbí final, ẹ̀ṣọ́ kò lè dá a dúró rárá.

Mo ní kó wá ibi tí wọ́n ti ń ṣírò owó gbogbo afẹ̀yìntì lóru, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. A rí i. Iṣẹ́ ńlá kan ni, ó ń yí po, ó sì ń pe iṣẹ́ tó ń ṣí àkọsílẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì wà nínú class kan náà. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá, bí a bá lo ti Spring, gbogbo ṣíṣí tó ń ṣẹlẹ̀ lóru yìí kò ní hàn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmì á wà lórí iṣẹ́ náà, ẹni tó bá kà á á gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Àmì tó ń parọ́ burú ju àìsí àmì lọ.

Kì í ṣe pé kí a wá sá sí AspectJ nítorí ìyẹn. AspectJ tó ń hun nígbà tí a ń kọ́ kóòdù kò ní ìṣòro ẹnu ọ̀nà, nítorí inú iṣẹ́ náà gan-an ni ó ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní gbèsè tirẹ̀. Ó ní láti mọ bí Java ṣe ń kọ fáìlì rẹ̀, Java sì ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti ọdún 2018. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gòkè, ẹ ní láti dúró kí AspectJ náà gòkè. Bí ẹ bá ń lo Lombok, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ yín ṣe ń lò ó, àwọn méjèèjì á jà, nítorí olúkúlùkù fẹ́ fi ọwọ́ kan kóòdù kí èkejì tó dé. Ọ̀nà tó wà ni pé kí Lombok parí tirẹ̀, kí AspectJ wá hun ohun tó ti jáde. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó tò ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Híhun nígbà tí sọ́fútíwíà ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ìyẹn ni mo bẹ̀rù jù lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kò fara hàn nínú kóòdù, kò fara hàn nínú ohun tí ẹ kọ́. Ìlà kan lórí sáfà ni, ẹni tó bá sì gbàgbé ìlà yẹn lórí sáfà tuntun, sọ́fútíwíà á ṣiṣẹ́ dáadáa, láì sí ààbò. Èyí tí mo fara mọ́ nínú irú rẹ̀ ni èyí tó kàn ń wòran tí kò fọwọ́ kan nǹkan, bí OpenTelemetry, tí OpenTracing àti OpenCensus parapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2019. Òun ń wọn bí iṣẹ́ ṣe ń pẹ́ tó. Bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, owó ẹnikẹ́ni kò ní sọnù.

Ẹ̀yin ti .NET, PostSharp àti Metalama lẹ ní, ilé iṣẹ́ kan náà ní Prague ló ṣe méjèèjì. Mo fẹ́ràn Metalama ju àgbà rẹ̀ lọ nítorí ó lè fi kóòdù tó ti hun hàn yín kí ẹ kà á. Ẹ̀yìn aṣọ nìyẹn.

Ohun kan wà tí ẹ kì í sábà gbé yẹ̀wò: ta ló kọ́kọ́ ń wọlé bí aspect bá pọ̀? Ká ní ẹ ní èyí tó ń yẹ àṣẹ wò, ẹ tún ní èyí tó ń fi èsì pamọ́ kó lè yára dáhùn nígbà mìíràn. Bí olùpamọ́ bá dúró ṣáájú olùyẹ̀wò, ẹni tó láṣẹ á béèrè, wọ́n á dá a lóhùn, èsì á wà nípamọ́. Ẹni tí kò láṣẹ á béèrè ohun kan náà, olùpamọ́ á fún un láì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ olùyẹ̀wò rárá. Fáìlì méjèèjì pé, kò sí àṣìṣe nínú ọ̀kankan. Bí wọ́n ṣe tò ni àṣìṣe, títò náà kò sì sí nínú fáìlì kankan àfi bí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí irinṣẹ́ bá yín yàn án.

Ọmọ náà béèrè èyí tí mo rò pé ó ní lọ́kàn láti òwúrọ̀: “Kí ni kí n wá fi sínú aspect, Bàbá, kí sì ni kí n má fi sí i?”

Mo fi ìka kan òwú ọnà lórí ìtagbè. Mo ní, “Èyí tí o bá lè fà yọ tí ìṣirò owó afẹ̀yìntì ṣì máa pé.” Àkọsílẹ̀ ṣeé fà yọ. Wíwọn àkókò ṣeé fà yọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n fi owó orí sínú aspect, tó jẹ́ pé ẹni tó ka fáìlì ìṣirò rí iye kan, oníbàárà sì gba iye mìíràn. Owó orí kì í ṣe ọnà, òwú tó di aṣọ mú ni. Àyẹ̀wò àṣẹ wà láàárín méjèèjì, èmi a máa gbà á sínú aspect bí àmì rẹ̀ bá wà lórí iṣẹ́ náà lójúkojú, tí ohun kan sì ń ṣọ́ àmì náà.

Ṣíṣọ́ yẹn ni a fi ọ̀sán ṣe. Nínú AspectJ, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní declare error. Kò fi ohunkóhun kún sọ́fútíwíà. Ó kàn máa ń kọ̀ láti kọ́ ọ bí kóòdù bá rú òfin kan. Mo rò pé òun ló wúlò jù nínú gbogbo irinṣẹ́ náà, mo sì kẹ́dùn pé díẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. A pa orúkọ tì. A ṣe àmì kan, @Audited, tí wọ́n máa kọ sórí gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣí àkọsílẹ̀ afẹ̀yìntì, kí ẹni tó bá ṣí fáìlì lè rí i láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kọ òfin pé iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá ń dá afẹ̀yìntì padà tí kò ní àmì yẹn, kí kíkọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ní àmì tó sì jẹ́ private tàbí final, kó tún dúró. Ti Spring ni yóò máa kọ àkọsílẹ̀ náà gan-an, a sì gbé iṣẹ́ tó ń ṣí àkọsílẹ̀ kúrò nínú class iṣẹ́ òru, kí òun náà máa gba ẹnu ọ̀nà. AspectJ di olùṣọ́ lásìkò kíkọ́ nìkan. Lọ́jọ́ tí kò bá lè bá Java gòkè mọ́, wọ́n lè yọ ọ́, sọ́fútíwíà kò ní mọ̀ pé ó lọ.

Ó ku ohun kan tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ láì ṣe, nítorí ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá mi. Ìdánwò tó ń kà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fọwọ́ ka ibi tí wọ́n ti ń ṣí àkọsílẹ̀, wọ́n sì ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀: 412. Mo ní kó kọ 412 sínú ìdánwò náà, nọ́ńbà gan-an, kí ìdánwò máa ka gbogbo ibi tí àmì wà, kó sì ké bí iye náà bá dín tàbí bó bá lé. Bí ẹnì kan bá fi iṣẹ́ tuntun kún un, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi yí nọ́ńbà náà padà, ẹlòmíràn á sì rí i pé ó yí i.

Ìyàwó mi di ẹran fún un, ó wọ ọkọ̀ kó tó di àṣálẹ́. Mo ká ìtagbè náà, mo dá a padà sínú àpótí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, ó kọ sí mi lórí WhatsApp. Àwọn ọ̀gá ti gbà á. Wọ́n ní àwọn ti kọ àmì sí ibi gbogbo tó wà nínú ìwé wọn, ìdánwò sì ti kà. Ó ní, “Bàbá, ẹ kú àárọ̀. 409 ló kà.”

Mo pè é. Ó ti rí méjì nínú mẹ́ta náà, inú fáìlì kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ìgbà tí àwọn ará Kánádà ti lọ: kò sí àmì lórí méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń wá lọ́wọ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, mo sì ń gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ka orúkọ fáìlì sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan.